Wọ́n fi yín wọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ọ́fíìsì: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lọ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Míìtìn àárọ̀ ni, àwa mọ́kànlá la jókòó, wọ́n gbé tébù tí mo ṣe sára ògiri, gbogbo ojú sì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí mo kọ sí àyè tí kì í ṣe tiẹ̀, àṣìṣe ni, mi ò jiyàn. Mánéjà wa mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gbàgàdà, síbẹ̀ ó bi gbogbo ilé pé, "Ta ló ṣe pàǹtí yìí?" Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní, "Àbí ojú oorun lo ti ṣe é ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ì bá sàn. Àmọ́ kàkà kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́, orí gìrúùpù WhatsApp ẹ̀ka wa ni mo gbà lọ, mo kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ, mo pe mánéjà lórúkọ tí ò yẹ kí n pè é, mo tún fi kún un pé kò kúkú sẹ́ni tí ò mọ bó ṣe débi ipò yẹn. Lọ́jọ́ kejì tí HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè wá, ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n tẹ̀ jáde sórí tábìlì, kò yẹ̀ ní ìlà kan. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ńkọ́? Ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ, kò sí ìwé kan ṣoṣo tó gbé e. Èmi tí wọ́n bú ni mo gba ìwé ìkìlọ̀.

Torí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, bí ọ̀rọ̀ tiwọn ṣe máa dórí ìwé ni, tí tiyín ò sì ní débẹ̀ kí ara yín tó balẹ̀.

1. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an

Tí wọ́n bá ń bú èèyàn lójú agbo, ara máa ń gbà á bíi pé ewu ti dé. Àyà á máa lù, etí á gbóná, ọ̀rọ̀ á há sọ́nà ọ̀fun, nígbà míì èèyàn ò tiẹ̀ ní gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ má pe ara yín lójo o. Lọ́dún 2003 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé àwọn èèyàn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n máa bá àwọn méjì kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó yá àwọn méjì yẹn ò jù ú sí wọn mọ́. Apá kan nínú ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá dun èèyàn lára, òun náà ló ta jí. Eré bọ́ọ̀lù lásán nìyẹn o, tí kò sówó nínú ẹ̀, tí wọn ò sì mọ àwọn tó ń bá wọn ṣeré rí. Ẹ wá ro ti ẹni tí wọ́n bú lójú àwọn tó máa tún rí lọ́la àti lọ́túnla.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò pọ̀. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí bíárò bá wà lọ́wọ́ yín ẹ dì í mú, kọ́wọ́ ríbi gbé gbọ̀n sí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ gbólóhùn kan, kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dákẹ́.

Gbólóhùn wo? Ó dọwọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí àṣìṣe náà bá jẹ́ tiyín lóòótọ́: "Mo rí i sà, tèmi ni. Màá tún un ṣe kó tó di aago méjì." Kò sí àlàyé, kò sí pé kọ̀ǹpútà ló fà á, kò sí ẹ máà bínú ẹ máà bínú nígbà mẹ́wàá, torí bẹ́ ẹ bá ṣe ń bẹ̀bẹ̀ sí i níwájú èèyàn ni ẹni tó ń bú yín á máa rí àyè jẹ sí i. Tí kì í bá ṣe tiyín: "Kò rí bẹ́ẹ̀ mà, màá mú ìwé ẹ̀ wá fún yín lẹ́yìn míìtìn." Tó bá ti kúrò lórí iṣẹ́ tó ti di èébú ojúkojú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká parí ti iṣẹ́ yìí. Èyí tó kù, mo fẹ́ ká jọ sọ ọ́ lẹ́yìn, àwa méjì."

Tó bá jẹ́ kọlíìgì lẹ́gbẹ́ yín ló fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ má sì fajú ro: "Kò yé mi, kí lo ní lọ́kàn gan-an?" Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ní kéèyàn ṣàlàyé kì í dùn mọ́. Á ní "Mò ń ṣeré ni jàre," ẹ̀yin á ní "Ó dáa," ẹ yíjú padà sí iṣẹ́ yín. Ó tán.

Ẹ má bá wọn rín ẹ̀rín yẹn o, mo bẹ̀ yín. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣebí ìwọ náà rẹ́rìn-ín?"

Ẹkún ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tómi bá dé ojú yín, ẹ sọ pé "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún," kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ jáde jẹ́jẹ́. Kò sí òfin tó ní ẹ gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n fi yín wòran. Tó bá jẹ́ orí Zoom, ẹ sọ pé ẹ̀ ń pa kámẹ́rà ná, ẹ pa á. Tó bá wá kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu, tó ju nǹkan lù yín, tó dènà mọ́ yín, tó fọwọ́ kàn yín, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ẹ fi sílẹ̀, ẹ jáde kúrò níbẹ̀ kíá kẹ́ ẹ pe ẹlòmíì wá, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ mánéjà tí ò mọ̀ọ̀yàn bá sọ̀rọ̀.

2. Wákàtí méjì tó tẹ̀ lé e

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ibí yìí lèmi ti ṣubú.

Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí fóònù. Kò sí gìrúùpù, kò sí státọ́ọ̀sì, kò sí ímeèlì tẹ́ ẹ fi ọ̀gá tó ju ọ̀gá yín lọ sí, kò sì sí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Tọ́wọ́ bá ń yún yín gidi gan-an, ẹ kọ ọ́ síbi tí kò ti sí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, nínú nótì fóònù yín fúnra yín, kẹ́ ẹ wá kà á lọ́la. Ó máa ya ẹ̀yin fúnra yín lẹ́nu, ẹ máa ní ta ló kọ èyí.

Ẹ rìn. Ó lè jẹ́ ọ̀nà kọ́ríídọ̀ lásán, ẹ ṣáà rìn, ẹ mu omi, ẹ fomi tútù bọ́jú. Ẹ pe èèyàn kan, ẹnì kan ni mo wí, tí kò sí ní ibi iṣẹ́ yẹn, ẹ rò ó fún un. Ẹ má ṣe yan kọlíìgì tẹ́ ẹ jọ jókòó fún ti ọjọ́ yẹn, kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, torí ọ̀rọ̀ tó gbóná máa ń yára jò, á sì ti yí lẹ́nu kó tó débi tó ń lọ.

Nǹkan míì tó máa ń pa èèyàn ní wákàtí méjì yìí ni èrò pé gbogbo ilé ló ń wò mí, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ mi. Ìwádìí kan wà táwọn onímọ̀ kan gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní àwòrán olórin tójú máa ti ọ̀dọ́ láti gbé sáyà, kó wọlé síbi táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jókòó sí. Wọ́n wá bi í pé èèyàn mélòó ló máa mọ ẹni tó wà láyà ẹ̀. Ó rò pé bí ìdajì ni. Wọn ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Mo mọ̀ pé èébú lágbára ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ kálukú wọn ní tiẹ̀ tó ń rò, àwọn kan níbẹ̀ tiẹ̀ ń dúpẹ́ nínú pé kì í ṣe àwọn ló kàn. Bí ẹ ṣe ń gbé e ká yìí, wọn ò gbé e tó bẹ́ẹ̀.

3. Kẹ́ ẹ tó sùn lọ́jọ́ yẹn: ẹ kọ ọ́

Èyí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ṣe é, torí ó máa ń súni, ó sì máa ń múni tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣe é.

Ẹ má kọ pé "Ó tún ṣe wèrè ẹ̀ lónìí." Ìyẹn ò wúlò fẹ́nikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí, bí mo ṣe kọ ti ìgbà míì tó tún bú mi:

"Ọjọ́rú, aago 9:40 àárọ̀, yàrá míìtìn kékeré. Mánéjà sọ pé, 'Ẹni tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ yìí tí ò lè ṣe é, kò yẹ kó máa gbowó oṣù.' Ohùn ẹ̀ lọ sókè, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹni tó ń kọjá ní kọ́ríídọ̀ dúró wò. Àwọn tó wà níbẹ̀: lágbájá, tàmẹ̀dù, èèyàn márùn-ún lápapọ̀. Mo ní, 'Màá tún un ṣe sà.' Kò tí ì fi ìwé sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún mi rí. Ọwọ́ mi gbọ̀n fún bí 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀."

Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ gan-an bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó gbọ́, ohun tẹ́ ẹ fi dáhùn, ohun tó ṣe fún ara yín. Kò sí èébú kankan látọ̀dọ̀ tiyín. Tí ẹlòmíì bá kà á lọ́dún tó ń bọ̀, á rí yàrá yẹn bíi pé òun wà níbẹ̀.

Níbo lẹ máa kọ ọ́ sí? Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín, ó ti lọ nìyẹn. Ìwé kékeré tó ní ojú ewé tó so mọ́ra dáa, tàbí ímeèlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín láti àdírẹ́sì tiyín, torí ó máa ní ọjọ́ àti aago lára. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ máa kó fáìlì ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ síta ní orúkọ ẹ̀rí o, ìyẹn nìkan tó kí wọ́n lé èèyàn, àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn á sì fi bọ́.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp ni wọ́n ti bú yín, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti aago ẹ̀, torí èèyàn lè pa ohun tó kọ rẹ́ lójú gbogbo yín fún bí ọjọ́ méjì ó lé. Ti ká gba ohùn sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ wá yàtọ̀. Òfin ibì kan ò dà bí ti ibòmíì, bí àpẹẹrẹ ní Jámánì ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kéèyàn gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíì sílẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn.

4. Ẹ yọ iṣẹ́ kúrò nínú èébú

Lọ́jọ́ kejì tára ti rọ̀, ẹ ya ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe, àti bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ ṣe èyí torí ó dà bíi pé à ń gbèjà ẹni tó bú wa. Mo ṣe é, ó dùn mí, tébù yẹn ò dáa lóòótọ́. Mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ímeèlì ìlà méjì, mi ò mẹ́nu ba nǹkan míì níbẹ̀. Èèyàn lè jẹ̀bi nọ́ńbà kó má jẹ̀bi èébú. Tẹ́ ẹ bá ti tún iṣẹ́ náà ṣe, èébú nìkan ló kù lórí tábìlì, kò sì ní rí iṣẹ́ fi bojú mọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá ìgbà kan ni àbí ìṣe ẹ̀ ni. Ẹni tó jágbe lọ́jọ́ tí nǹkan dojú rú, tó padà wá bá yín pé "Má bínú, mo ṣàṣejù," ẹ jẹ́ kó lọ, gbogbo wa la lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ìwé yín bá ti ń rí ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló máa ń ṣe é fún, tàbí tó jẹ́ pé ó máa ń dúró kí èèyàn pé kó tó sọ ọ́, ìyẹn ti yàtọ̀.

Ìwọ̀n kan wà tí mo fẹ́ràn, láti inú òfin Japan nípa kí ọ̀gá máa fi ipò jẹ òṣìṣẹ́ níyà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní June 2020, tó sì mú àwọn kéékèèké ní April 2022. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ṣé ẹni náà lo ipò tó fi jù yín lọ? Ṣé ohun tó ṣe kọjá ohun tí iṣẹ́ béèrè? Ṣé ó ba àyíká tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́? Kódà nínú àpẹẹrẹ táwọn ìjọba wọn kọ síbẹ̀, kéèyàn máa jágbe mọ́ òṣìṣẹ́ léraléra níwájú àwọn tó kù wà níbẹ̀, kéèyàn máa kọ ímeèlì èébú kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀ wà níbẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbé Japan kẹ́ ẹ tó bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn.

5. Ẹ lọ bá a, ẹ̀yin méjì

Ẹ jẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kọjá, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má já lù ú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè àkókò: "Ọ̀gá, mo fẹ́ rí yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la, ìgbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ó máa ń gbóná ní àárọ̀, ẹ lọ lọ́sàn-án.

Tẹ́ ẹ bá dé'bẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa sọ ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Bí mo ṣe sọ tèmi nìyí nígbà tí mo gbọ́n díẹ̀: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fún mi láyè sà. Ọ̀rọ̀ míìtìn ọjọ́rú ni. Iṣẹ́ yẹn mo ti tún un ṣe. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ nípa owó oṣù mi níwájú àwọn tó kù, mi ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bi yín ní ìbéèrè. Tí mo bá tún ṣàṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí lọ́tọ̀, ẹ sọ ọ́ bó bá ṣe le tó, màá gbọ́."

Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn le o. Ẹnu á fẹ́ máa kún un pé "kì í ṣe pé mò ń bínú sà, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi sà," ẹ má fi kún un.

Ó lè ní "Ṣé o ò lè gba eré ni?" Ẹ ní "Mo máa ń ṣeré sà, ìyẹn ò jọ eré létí mi." Ó lè ní "Bí mo ṣe ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn." Ẹ ní "Mo gbọ́ sà, tèmi ni mò ń sọ." Ó lè tọrọ àforíjì, ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, tèmi ní "Mi ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀ lára ẹ." Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ dìde. Ẹ má wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Tẹ́ ẹ bá ti padà sídìí tábìlì yín, ẹ kọ ímeèlì kékeré: "Ẹ ṣeun fún àkókò yín lónìí. Bá a ṣe jọ sọ ọ́, ohun tẹ́ ẹ sọ ní míìtìn ọjọ́rú nípa owó oṣù mi dùn mí, ẹ sì ti ní ẹ máa pè mí lọ́tọ̀ tí àtúnṣe bá wà." Jẹ́jẹ́ ni, kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbẹ̀san ni, tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí, tàbí kẹ́ ẹ mú ẹnì kan dání. Kì í ṣe dandan.

6. Àwọn tó rẹ́rìn-ín, àtàwọn tó dákẹ́

Ìbínú tó pọ̀ jù kì í tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mánéjà, àwọn tó jókòó tí wọn ò sọ nǹkan kan ló máa ń lọ bá. Mo yẹra fún àwọn èèyàn kan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá mo rí i pé ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn, olúkúlùkù ń dúró kẹ́lòmíì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tébù yẹn, ẹnì kan gbé ife omi kan wá sórí tábìlì mi, kò sọ nǹkan kan, ó padà sáyè ẹ̀. Òun ni mo padà lọ bá. Mo bi í lórí fóònù pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn?" Ó dáhùn pé, "Mo gbọ́ ọ, kò dáa rárá." Gbólóhùn kan lásán tó ní ọjọ́ àti aago lára, ó wúlò nígbà tó yá. Èèyàn kan bẹ́ẹ̀ tàbí méjì tó. Ẹ má lọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sí mánéjà, ẹjọ́ yín á yí padà di ẹjọ́ ọ̀tẹ̀.

Orúkọ ìnagijẹ, ẹ tètè pa á. Tó bá di oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń pè yín ní nǹkan tẹ́ ẹ ò fẹ́, ó ti di tiyín nìyẹn. "Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ pè, ẹ jọ̀ọ́," kẹ́ ẹ má dáhùn sí ìkejì mọ́, bó ti wù ó pẹ́ tó.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jókòó tí wọ́n ń bú ẹlòmíì, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kojú ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ká lọ sórí èyí tó kàn?" ti gé e lẹ́nu. Ẹ sì rí i pé ẹ lọ bá ẹni yẹn lẹ́yìn ẹ̀, ife omi náà tó.

7. Tó bá di ká gbé e lọ sókè

Bọ́wọ́ ẹni ò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ní àǹfààní láti fi ẹjọ́ náà síwájú wọn bó ṣe yẹ, torí náà ẹ múra. Ẹ wá ìwé òfin ilé iṣẹ́ yín, ẹ wo ohun tó sọ nípa ìwà sí òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kan, méjì ó pẹ́ tán: ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ báyìí, lọ́jọ́ báyìí, àwọn tó gbọ́, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe sí i, ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà, ẹ kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún HR. Mi ò ní ọ̀tá ni wọ́n, àwọn kan dáa gan-an, àmọ́ wọ́n ń wo ewu tó máa bá ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó wo ojú yín. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi lágbára ju omijé lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ní ti òfin, àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe àdéhùn kan lọ́dún 2019 tí wọ́n ń pè ní C190, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 June 2021. Ohun méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ní ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́ lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò dìgbà tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìkejì, ó mú ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ mọ́ iṣẹ́, ó sì mú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àtàwọn tó ń wáṣẹ́ pàápàá. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló mú o. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó ní mánéjà ò gbọ́dọ̀ búni lásán, àfi tó bá jẹ́ torí àwọ̀, ẹ̀sìn, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, àìlera àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 180 ni wọ́n sì sábà ń fún èèyàn láti fẹjọ́ sùn, níbòmíì 300. Èyí ni mo fi ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tètè béèrè ti ibi tẹ́ ẹ wà. Ọjọ́ ń kà.

8. Òru

Ọ̀sán rọrùn. Òru ni èèyàn máa ń dùbúlẹ̀ tó máa ń dá mánéjà lóhùn, tó máa ń rí èsì tó mú bí abẹ, tó sì jẹ́ pé aago méjì òru ni.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n kọ̀wé, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tòkè yẹn o, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kà. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker, òun àti ẹnì kejì ẹ̀ gbé ìwádìí jáde lọ́dún 1986, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú wọn bàjẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn ò lọ sọ́dọ̀ dókítà tó àwọn tó kù. Torí náà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tẹ́ ẹ bú sẹ́kún, kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, kó jìnnà sí àsìkò oorun díẹ̀.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ò lè sùn, tí ẹ ò lè jẹun, tí àyà yín ń já ní gbogbo àárọ̀ tẹ́ ẹ bá ti rántí iṣẹ́, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sọ ohun tó fà á fún un kó lè kọ ọ́ sínú fáìlì yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo gbà pé àwọn tó sọ ọ́ ní ohun tí wọ́n rí. Ti ọ́fíìsì kọ́ o. Ẹ̀sín tí mánéjà fi èèyàn ṣe, mánéjà náà ló ni ín, kò sì tó ikú rárá rárá. Tí èrò pé kẹ́ ẹ pa ara yín bá yọjú, ì báà jẹ́ fìrí, ẹ sọ fún èèyàn kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ má dá wà, ẹ lọ sí ọsibítù tàbí kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà ìrànwọ́ tó wà ní ìlú yín. Iṣẹ́ lè dúró.

9. Ká dúró àbí ká lọ

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bú yín. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ẹ rí lọ́yà kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, torí ọ̀nà téèyàn gbà jáde máa ń kan ẹjọ́. Ẹ ṣí owó tẹ́ ẹ ní wò, oṣù mélòó ló lè gbé yín? Ẹ máa wá ibòmíì ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ sì tètè mọ ẹni tó máa jẹ́rìí iṣẹ́ yín tí kì í ṣe mánéjà yẹn. Tó bá wá tó àkókò, lẹ́tà yín kò gbọ́dọ̀ ju ìlà méjì, mẹ́ta lọ: mo ń lọ, ọjọ́ báyìí ni mo máa parí, ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tó kù ti wà nínú ìwé tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ HR.

Mánéjà tèmi ṣe dáadáa bí oṣù méjì lẹ́yìn ìjókòó àwa méjì, ló bá tún padà sídìí ẹ̀. Ìgbà yẹn mo ti ní ojú ewé mẹ́sàn-án. Mo ṣe é ní ojú ewé kan, mo gbé e fún HR, mo fi ọ̀rọ̀ ẹni ife omi yẹn tì í lẹ́yìn. Wọ́n yọ ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ kúrò nínú fáìlì mi, wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka míì. Òun ò kúrò lórí àga ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó lé e. Mo ṣe oṣù mẹ́rin níbi tí wọ́n gbé mi lọ, mo ríṣẹ́ míì, mo kọ ìlà méjì mi, mo dá káàdì ẹnu ọ̀nà padà fún wọn, mo sì mú ìwé kékeré mi dání lọ sílé.